Olówùú Tó Ń Sá fún Òwú

Mo so kókó sídìí òwú, mo sì fà á gba àárín eyín mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín ti rín tirẹ̀ tán kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe òwú ìránṣọ lásán o. Òwú náílọ́ọ̀nù tí àwọn apẹja fi ń hun àwọ̀n ni, èyí tó lè gbé ẹja ńlá jáde lódò. Mo rò ó nínú ara mi pé òwú tó bá ní kókó nídìí ni yóò wọ́ ìdọ̀tí jáde dáadáa. Mo fi apá tó ní kókó sẹ́yìn eyín, mo di apá kejì mú níta, mo fà á pẹ̀lú agbára. Kókó há sáàárín eyín méjì. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ìyókù òwú náà rọ̀ jáde létè mi bí irùngbọ̀n òbúkọ.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá mọ níwọ̀n ká ní káfíńtà ni mí, tàbí awakọ̀ ẹrù ní èbúté. Ṣùgbọ́n òwú ni mo ń tà. Èmi olówùú ni òwú há sí lẹ́nu, láàárín ọjà, lójú oníbàárà.

Kí ó lè yé yín bí àgbàlagbà tó láya tó bímọ ṣe bá ara rẹ̀ débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, ìlú òkèèrè tí mo ti ń ṣòwò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ orúkọ Bátọ́ọ̀sì sílẹ̀ ni, ó ń gbé Banjul wọ̀. Ẹnì kan á pè é ní tàná, ẹnìkejì á pè é ní tòní, kò sì sẹ́ni tó ṣìnà nítorí rẹ̀. Ìlú kékeré ni, omi yí i ká. Bí ọkọ̀ ojú omi bá fọn fèrè ní èbúté, gbogbo wa la máa ń gbọ́ ọ, a ó sì mọ̀ bóyá ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀pà lọ ni tàbí èyí tó kó ìrẹsì dé. Àwa Yorùbá tí a wá ṣòwò jókòó tira wa lọ́jà bí eyín inú ẹnu. Ọmọ Ọ̀fà kan tó ń ta abọ́ tánganran ló wà lápá ọ̀tún mi. Ọ̀rẹ́ mi ni, ọ̀tá mi náà ni, torí kò sí ohun tí mo ṣe tí kì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Òwú, bọ́tìnnì, abẹ́rẹ́ àti síìpù ni mo ń tà fún àwọn aránṣọ. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ó kàn tó láti ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí òwú. Ṣùgbọ́n mo ní ohun kan tí mo fi ń pe oníbàárà. Bí aránṣọ bá ní kí n já òwú fún òun kí òun wo bó ṣe lágbára tó, n kì í wá àlùmọ́gàjí kiri. Eyín iwájú ni mo fi ń já a. Pá! Ó ti já. Èmi á wá fi eyín náà rẹ́rìn-ín sí wọn. Ẹ má sì gbàgbé pé mo ní èjí. Àlàfo kékeré kan wà láàárín eyín iwájú mi méjèèjì lókè, tó gún régé, tó mọ́ níwọ̀n, bí ẹni pé wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ìyá mi máa ń sọ pé èjí náà ni òun fi mọ̀ pé n kò ní jìyà. Ìyàwó mi náà kò fi pa mọ́ pé nínú gbogbo àwa tí a wá fẹ́ òun, èmi kọ́ ni mo lówó jù, èmi kọ́ ni mo sì ga jù. Gbogbo ọjà ló ń pè mí ní Eléjìí.

Ìdí nìyí tí n kò fi ka ọ̀rọ̀ ìtọ́jú àárín eyín sí. Mo ní ẹni tí Ọlọ́run bá ti dá àlàfo sí lẹ́nu, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ń fọ ara rẹ̀. Orín ni mò ń run láràárọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ náà fẹ́ràn orín, sotiu ni wọ́n ń pè é ní èdè Wọ́lọ́ọ̀fù. Ẹ ó rí bàbá àgbàlagbà tó ti orín bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ìdájí títí di ìgbà tí oòrùn á fi wọ̀. Orín dára, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n iwájú eyín àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni orín ń dé. Kì í wọ kọ́lọ́fín. Bí ẹran bá há sí mi láàárín eyín, màá ya ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, màá fi gún un títí yóò fi jáde. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tẹ̀ lé e, mo ní orín àná ló le jù.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá kan, tí wọ́n ń pè ní Tobásíkì níbẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ ṣì mú, aránṣọ kan wá ra òwú dúdú. Ó ní kí n já a wò. Mo fi eyín iwájú dì í mú, mo fà á. Òwú kò já. Eyín ló yẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rí i. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní òwú yìí le ju irin lọ, mo sì tà á fún un bẹ́ẹ̀.  Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú eyín èjí mi ló ń mì. Mo fi ahọ́n tì í, ó lọ. Mo fi ahọ́n fà á, ó bọ̀. Láti ìgbà náà, ahọ́n mi kò níṣẹ́ mìíràn mọ́.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ fura. Ó wò mí nídìí oúnjẹ alẹ́. Ó ní, “Baba wọn, ẹ ṣe ń jẹ ìrẹsì bí ẹni tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀?”

Mo ní kò sí nǹkan kan.

“Ẹ ya ẹnu.”

Mo ya á. Ó wò ó títí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Èjí yìí ni mo tẹ̀ lé dé ìlú ibòmíràn o. Ẹ lọ rí dókítà eyín.”

Kí ẹ má rò pé ẹ̀rù dókítà eyín tí ń bà mí kò nídìí. Ní kékeré mi, mo rí bí alágbẹ̀dẹ abúlé wa ṣe fi ẹ̀mú yọ eyín àbúrò bàbá mi. Àwọn géńdé ló dì í mú. Igbe tó ké lọ́jọ́ náà lé àwọn adìyẹ wa wọ inú igbó, àwọn kan nínú wọn kò sì padà wálé mọ́. Nígbà tí mo dé ilé ìtọ́jú eyín, obìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà bi mí pé kí ni mo wá ṣe.

“Mo sin ẹnì kan wá ni.”

“Ẹni náà dà?”

“Kò tíì dé.”

Ó wò mí. Ó wo ọwọ́ tí mo fi bo ẹnu. Ó ní, “Ẹ jókòó dè é nígbà náà.” Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó pè mí. “Ẹni tí ẹ sìn wá ti dé o. Ẹ máa bá a wọlé lọ.”

Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni dókítà náà, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Ó fi ọmọ ìka kan ti eyín mi, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan họ ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta kúrò nídìí rẹ̀, gbogbo ara mi sì gan bí pákó. Ó ní kì í ṣe eyín ló bàjẹ́, ẹran ìdí eyín ló ń ṣàìsàn. Oúnjẹ àti ìdọ̀tí tó ń sùn sáàárín eyín lójoojúmọ́ ló mú un wú, ló sọ ọ́ di pupa, tí kò fi lè di eyín mú mọ́. Ó mú òwú kan, ó we é mọ́ ìka méjì, ó mú dígí sí mi níwájú. Ó rọra rẹ́ òwú náà wọ àárín eyín bí ẹni fi ayùn rẹ́ pákó, ó jẹ́ kó di mọ́ ara eyín, kó wọ abẹ́ ẹran díẹ̀, ó wá ń fà á lókè nílẹ̀. Ó ṣe ti eyín kan, ó yí i mọ́ èkejì. Ó ní bí n kò bá rí òwú eyín gan-an rà, òwú tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì dán, tí a fi àbẹ́là pa lára, á ṣe é. Ó ní kí n máa ṣe é lójoojúmọ́, kí n tó sùn. Ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ máa jáde, kí n má bẹ̀rù, á dáwọ́ dúró. Ó ní kí n padà wá nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Bí eyín náà bá ṣì ń mì, òun á yọ ọ́.

Gbogbo ohun tó sọ yìí, ìyàwó mi ló rán mi létí wọn lẹ́yìn náà, torí òun náà ti wọlé wá bá wa níbẹ̀. Ní tèmi, ẹ̀mú tó wà lórí tábìlì ni mò ń wò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ ni “yọ ọ́.”

Mo ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo tu itọ́ sínú abọ́, ó pọ́n. Ẹ̀rù bà mí dé ọkàn. Mo ní òwú yìí ti gé mi, bí mo bá ṣe é lọ́la, eyín á bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Mo gbé òwú sílẹ̀, mo sùn. Láti ọjọ́ náà, bí ìyàwó mi bá bèèrè, mo ti ṣe é nìyẹn. Mo sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

“Ẹ ti ṣe é?”

“Mo ti ṣe é.”

“Òwú ọ̀hún kò ṣe wá dínkù?”

“Òwú tó dára ni. Kì í tètè tán.”

Ibi tí mo ti wá ìtìjú kún ìtìjú ni pé inú ilé kan náà ni ẹni tó yẹ kí n kọ́gbọ́n lára rẹ̀ wà. Ní àdúgbò Jollof Town là ń gbé, nínú agbo ilé àtijọ́ kan tí a fi pákó àti oparun híhun kọ́, tí igi máńgòrò wà láàárín rẹ̀. Màmá onílé wa jẹ́ Akú, ọmọ ìran àwọn ẹrú òmìnira tó ní ẹ̀jẹ̀ Yorùbá lára, tó sì ti pẹ́ nílùú náà. Èdè Akú ló ń sọ, Píjìn tèmi ló ń pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ohun tí mò ń kọ síbí ni bí ó ṣe dún létí mi ní Yorùbá. Bí ó bá kan ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ẹnu wa á ṣe ọ̀kan, torí àkàrà ni òun náà ń pe àkàrà, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni òun náà ń pe ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ó ti darúgbó gan-an, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ pé. Ó ń fọ́ egungun ẹja. Ó máa ń ra òwú funfun lọ́wọ́ mi déédéé, èmi a sì máa ṣe kàyéfì pé aṣọ wo ni màmá yìí ń rán tí òwú kì í fi í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò rí i kó di abẹ́rẹ́ mú rí.

Báyìí ni mo fi irọ́ jẹ ọyẹ́ tán, tí mo fi irọ́ jẹ ẹ̀ẹ̀rùn tán. Àwọsánmà ṣú láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, òórùn ilẹ̀ tútù gba gbogbo Jollof Town. Àwọn ọmọdé ń jó nínú òjò. Èmi nìkan ni inú mi bàjẹ́. Ìyàwó mi ní, “Òjò ti dé o. Lọ́la la ó lọ.”

Ìgbà náà ni mo ronú bí òmùgọ̀. Mo ní iṣẹ́ tí n kò ṣe láti ọjọ́ wọ̀nyí wá, màá ṣe gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ kan. Òwú ìránṣọ kò ní tó o, àfi ti apẹja. Kí ó sì lè ṣiṣẹ́ oṣù lọ́jọ́ kan, àfi kí n so kókó sí i. Mo fara pa mọ́ sẹ́yìn páálí nínú ìsọ̀, mo gbé àfọ́kù dígí lé orúnkún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ ti gbọ́ ọ.

Ẹ ò tíì gbọ́ ti oníbàárà. Bí mo ṣe ń fa òwú, tí òwú ń fa èmi náà, aránṣọ àgbàlagbà kan dé. Ẹni tó bá gbé ìlú yẹn rí mọ̀ pé ìkíni ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró. Wọ́n á bi ọ́ léèrè ara rẹ, ará ilé rẹ, ọmọ, iṣẹ́, oorun tí o sùn, bóyá àlàáfíà ni. O gbọ́dọ̀ dá gbogbo rẹ̀ lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o ní jam rek, àlàáfíà nìkan, kí ìwọ náà wá bẹ̀rẹ̀ tìrẹ. Bàbá náà kí mi. Mo ní, “Hùn-ùn.” Ó bi mí léèrè ìyàwó. “Hùn-ùn.” Àwọn ọmọ ńkọ́? “Hùn-ùn.” Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bi ọmọ Ọ̀fà pé kí ni òun fi ṣẹ èmi.

Ọmọ Ọ̀fà kọjú sí mi. “Eléjìí, ta ló bí ọ nínú? Àgbà ń kí ọ, ò ń kùn bí ológbò!” Bí ó ṣe sún mọ́ mi nìyẹn, ó rí òwú. Ó gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Bó bá ti gbé abọ́ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, òjò ńlá ní í tẹ̀ lé e. “Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wo ọ̀rẹ́ mi! Ó ti gbé ìwọ̀ mì! Apẹja wo ló pa ọ́?”

Gbogbo ọjà péjọ. Obìnrin kan tó ń ta ẹja bọ́ǹgà fẹ̀yìn tigi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wà lára àwọn obìnrin ibẹ̀ tó fi abẹ́rẹ́ kọ ìdí eyín wọn dúdú kí funfun eyín lè yọ. Bí ó ṣe lanu tó ń rẹ́rìn-ín, ìdí eyín dúdú náà ń dán. Mo rò ó pé, ẹ̀dá yìí jókòó kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ibẹ̀ láìmì, èmi ń sá fún òwú. Ọmọ Ọ̀fà ní kí n jẹ́ kí òun so òwú náà mọ́ ìdí kẹ̀kẹ́ ológeere kan tó fẹ́ gbéra. Mo sá kúrò níbẹ̀.

Mo fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ. Kò ràn mí lọ́wọ́. Gbogbo ẹni tó rí mi tí mo bo ẹnu, tí ojú mi pọ́n, rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ mí. Wọ́n ń dá mi dúró, wọ́n ń ṣe àdúà. Èmi ń kùn àmín.

Màmá onílé jókòó sí fàráńdà. Mo bọ́ áńkáṣíìfù. Ó wo òwú, ó wo ojú mi. Kò rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì. “Ibo ni kókó wà?” Mo fi ìka hàn án pé inú ni. “Ibo lò ń fà á sí?” Mo fi hàn án pé ìta ni. Ó mi orí. Ó mú àlùmọ́gàjí kékeré, ó gé èyí tó wà níta kù díẹ̀, ó ti ìka bọ mí lẹ́nu, ó di kókó náà mú lápá inú, ó fà á síbẹ̀. Òwú jáde wẹ́rẹ́.

Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n pa ẹnu dé. Ó gbé àgbọ̀n mi sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó ní, “Wo ìdí eyín bí ata tó pọ́n! Ẹnu yìí ń rùn, ọmọ mi. Ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún ọ?”

Ìyàwó mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó bojú wolẹ̀. Ìgbà náà ni mo mọ ìdí tó fi máa ń sọ pé ooru mú, tó ń kọ ẹ̀yìn sí mi, àní nínú ọyẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju kókó lọ. Mo jẹ́wọ́ gbogbo irọ́ mi fún àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà bi mí bóyá mo ṣe ohun tí òun sọ. Mo ní mo ṣe é.

“Nígbà wo?”

“Àná.”

Ìyàwó mi sín, ó fi sísín bo ẹ̀rín. Dókítà tún họ ìdí eyín náà. Ó ní eyín ṣì ń mì, ṣùgbọ́n ó ṣì lè dì mú bí mo bá fẹ́. Ó fún mi láyè títí òjò á fi lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀mú. Ó tún kìlọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ fi eyín já òwú mọ́, kí n ra àlùmọ́gàjí bí àwọn ènìyàn.

Báyìí ni mo ṣe di ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lórí fàráńdà Màmá. Tí a bá ti jẹun alẹ́ tán, tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà díẹ̀, màá gbé àpótí mi tì í. Òun á yọ òwú tirẹ̀ jáde nínú apẹ̀rẹ̀ kékeré. Òwú funfun tí mo tà fún un ni. Aṣọ tí mo rò pé ó ń rán látọjọ́ yìí, eyín rẹ̀ ni! Ó ní ìyá òun ló kọ́ òun, ìyá ìyá òun ló kọ́ ìyá òun, kí dókítà eyín kankan tó dé ìlú náà. Kì í yára. Ó ń lọ láti eyín kan dé èkejì bí ẹni tó ń yẹ ilé wò kó tó ti ìlẹ̀kùn. Bí mo bá ń sáré, á gbá mi lọ́wọ́. “Rọra. Igi lò ń gé ni?”

Ẹ̀jẹ̀ jáde lọ́jọ́ kìíní, mo fẹ́ ju òwú sílẹ̀. Màmá ní kí n máa bá a lọ. Lọ́jọ́ kejì ó tún jáde. Nígbà tó yá, ó di pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi ìsápá tí a ti fọ̀ dànù. Nígbà tó tún yá, mo tu itọ́, mo wò ó títí, mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Omi lásán ni. Ẹ ò lè mọ bí inú tọkọtaya ṣe lè dùn tó lórí itọ́.

Mo ṣì ń gbọ́ ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn bí mo bá dákẹ́. Òjò á ti dá, omi á ṣì máa kán láti ara páànù. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Akú á dún lápá kan, àdúà mọ̀gàríbì á gòkè lápá kejì. Òórùn ẹja yíyan, òórùn omi iyọ̀. Màmá á máa sọ ìtàn àwọn tó ti gbé nínú yàrá wa rí, pẹ̀lú òwú lẹ́nu, débi pé mo ń gbọ́ ìdajì, mò ń fọkàn ro ìdajì. Ìyàwó mi á gbé ẹní tirẹ̀ wá, á jókòó tì mí, kò ní sọ̀rọ̀ ooru mọ́. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi nígbà náà pé màá fi gbogbo ohun tí mo ní wá ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la, n kò ní gbà á gbọ́. Mo rò pé wọn kò lè tán.

Nígbà tí òjò lọ sílẹ̀, dókítà fi ọmọ ìka ti eyín náà. Ó tún tì í. Kò mì. Ó wo ìdí rẹ̀, ó ní ẹran náà ti dì í mú. Mo gbọ̀n fún ayọ̀ ju bí mo ṣe gbọ̀n fún ẹ̀rù lọ. Ó ní, “Ẹ má dáwọ́ dúró o. Bí ẹ bá dáwọ́ dúró, á tún padà.” Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí etí ẹni tí ara rẹ̀ bá yá ṣe máa ń rí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni a rí oṣù ààwẹ̀. Mo ká òwú mi, mo gbé e sókè àjà. Mo ní ara ti yá, ààwẹ̀ sì dé, kí n má lọ fi òwú fa ẹ̀jẹ̀ tí yóò ba ààwẹ̀ mi jẹ́. Mo gbà pé ẹ̀sìn ti gbà mí kalẹ̀ lọ́wọ́ Màmá, torí Kìrìsìtẹ́nì ni.

Ọmọ Ọ̀fà wá bá wa ṣínu ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Màmá náà gbé abọ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀ kan wá, bí ó ti máa ń ṣe fún wa lóṣù ààwẹ̀. A jẹ, a yó. Màmá wò mí. “Òwú rẹ dà?”

Mo gbé ojú ẹni mímọ́ wọ̀. “Màmá, a ń gbààwẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè jáde, kó ba ààwẹ̀ jẹ́.”

“Ẹ̀jẹ̀ wo? Kò ti dá?”

“Ó ti dá, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn ni.”

Ọmọ Ọ̀fà, tó mọ kéú jù mí lọ, gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ má dá a lóhùn, Màmá. Ilẹ̀ ti ṣú, a ti ṣínu. Ẹ̀rù ló ń gbààwẹ̀, kì í ṣe òun.”

 Eyín tí dókítà ní kò mì mọ́ ni ìyàwó mi ń wò. Mo fẹ́ tún wí àwíjàre, ṣùgbọ́n Màmá ti na ọwọ́ mú abọ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó ti ṣófo, ó yí i sí mi kí n rí inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí di òní tí mò ń kọ èyí, nítorí ohun tó sọ, n kò sùn lálẹ́ kan kí òwú má kan eyín mi.

Ó ní, “N kò mọ òfin ààwẹ̀ yín, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹnu rẹ bá gbààwẹ̀ tí kò ṣínu, ọjọ́ náà ni kí o gbé òwú jù.”